Ibi tí Àgbà Ti Ń Wọlé Láì Kí Ará Ilé

                                                            Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                            Ìta-Ẹlẹ́wà,
                                                            Ìkòròdú,
                                                            Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2009.

Súbérù, ọ̀rẹ́ tí ó sún mọ́ mi ju iyèkan lọ,

Mo kí ọ kú ọdún, mo kí ọ kú ìyèdún. Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ yín, kí ó sì jẹ́ kí á ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ láyé nínú àlàáfíà. Báwo ni ara? Ẹ̀yìn tí ó ń dùn ọ́ nígbà tí a rí ara wa kẹ́yìn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o nàró dáadáa? Ìyá Ṣẹ̀rífátù ńkọ́, obìnrin rere tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì mọ́ àlejò? Mo gbọ́ pé òjò ọdún yìí le púpọ̀ ní etí ọ̀sà yín; mo lérò pé omi kò wọ inú ọgbà tí o ti ń kan ọkọ̀. Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Màmá wa àgbà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jẹun bí ó ti yẹ? Bí o bá ti kà á dé ibí yìí, jọ̀wọ́, kọ́kọ́ wọ yàrá wọn lọ, kí o bá mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kí o tó padà wá ka ìyókù.

Ní ti àwa níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Ìbídùnní aya mi wà pẹ̀lú ìlera. Ọmọbìnrin rẹ náà wà dáadáa. Ó gba ààwẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré nínú ilé onígbàgbọ́. Sààrì kò kọjá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí Ìbídùnní ni ó ń jí i, tí ó sì ń gbé omi kaná fún un. Èmi nìkan ni n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ara mi le. Kò sí àìsàn kan pàtó. Ó kàn rẹ̀ mí ni, Súbérù. Ó rẹ̀ mí dé ibi tí oorun kì í dé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní àárín ààwẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ rẹ kò lọ́jú pọ̀. O ní Ṣẹ̀rífátù, tí o fà lé èmi àti Ìbídùnní lọ́wọ́ kí ó lè gba ìwé ẹ̀rí girama ní Ìkòròdú, ti fìdí rẹmi nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kejì. O ní ẹni tí omi bá gbé lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ kí á tún tì í sódò. O ní bí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti kọjá, kí n kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, kí ó wá máa bá ìyá rẹ̀ yan ẹja. N kò bá ọ jà. Ẹni tó ni ọmọ ló ni àṣẹ. Ẹja yíyan kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Òun ni Màmá wa fi rán ìwọ gan-an lọ sí ilé-ìwé olùkọ́ni níbi tí èmi àti ìwọ ti pàdé.

Ṣùgbọ́n ọdún ti kọjá, ẹrù ọmọ náà ṣì wà nínú yàrá rẹ̀, ó sì tọ́ kí o gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé fóònù wà lápò àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ohun tí fóònù lè gbé lọ. Orúnkún mi kò sì gba ọ̀nà Ìtòìkín mọ́ pẹ̀lú gbogbo kòtò inú rẹ̀.

Ìwọ mọ iṣẹ́ yìí kí o tó fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ baba rẹ. O mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn dúró níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n kún kíláàsì dé ojú fèrèsé, kí ó máa pariwo Gẹ̀ẹ́sì sí wọn, kí wọ́n sì máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo òjò. Ọdún dé, ọdún lọ, mo ń kọ́ wọn ní òfin èdè. Wọ́n ń há a sórí, wọ́n sì ń dà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń jáde. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó dákẹ́ tó Ṣẹ̀rífátù. Kì í ṣe òpè. Ọmọ tí ẹ kọ́ yanjú ni. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, yóò kúnlẹ̀, yóò tẹjú mọ́lẹ̀, yóò ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ìdáhùn tán nìyẹn. Bí a bá fún un ní àròkọ, ìlà mẹ́ta, ó parí. Ó dàbí ẹni pé ó ń bẹ̀rù kí Gẹ̀ẹ́sì má baà gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni wọ́n fi àgùnbánirọ̀ kan ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wa, ọmọbìnrin ará Ọ̀fà tí ń jẹ́ Jọláolúwa. Súbérù, bí mo bá ń yin ọmọ yìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀wé débi tí ó wù mí, síbẹ̀ kò gbàgbé bí a ti ń kúnlẹ̀. Òun ni ó sọ fún mi pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ya ọ̀lẹ, wọn kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Ó ní ta ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ àròkọ sí, bí kò ṣe olùkọ́ tí yóò fi bírò pupa gún un yánnayànna? Ó ní òun fẹ́ ṣí ojú-ewé kan fún wọn lórí ayélujára, èyí tí wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀gù. Ibẹ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ti máa kọ ohun tí ó bá wù ú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé yóò lè kà á, kí wọ́n sì kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Ó ní wọn yóò máa ti orí Fésíbúùkù pe ara wọn wá kà á.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé àwọn ọmọ tí kò lè kọ ojú ìwé kan fún mi pẹ̀lú pàṣán lórí tábìlì, ẹ̀rọ wo ni yóò mú wọn kọ ọ́? Ó ní kí á dán an wò. Ó rẹ̀ mí láti jiyàn, mo ní kí ó máa lọ.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Láńre ní káfẹ́ kékeré kan nítòsí Gáréèjì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó lo kọ̀ǹpútà. Ó gbà kí àwọn ọmọ máa wá ní ọ̀sán Sátidé. Èmi kò tètè lọ wò ó, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun àjèjì. Ọmọ kan wá mi wá sí yàrá àwọn olùkọ́, ó fẹ́ mọ ohun tí à ń pe ojúsàájú ní Gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn yá ìwé atúmọ̀-èdè mi, kò sì tíì dá a padà títí di òní. Bí mo bá béèrè ohun tí ó fa irú ebi yìí, wọn á máa wolẹ̀.

Àṣé góòlù kan ni. Mọ́ṣúdù, ọmọkùnrin kan tí mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ nítorí bí ó ti máa ń sá jáde ní kíláàsì mi, ni ó kọ ìtàn bọ́ọ̀lù kan tí kíláàsì méjì gbá. Òun ni ó ṣọ́lé, ó sì kọ ọ́ pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi na àwọn kò kọjá ìlà. Àwọn tí wọ́n gbá a wọlé kò gbà. Wọ́n kọ èsì, ó kọ tirẹ̀. Ẹni tí kò lè to gbólóhùn méjì pọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń kọ ojú-ewé gbọọrọ láti fi hàn pé bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n hú jáde nínú ìwé atúmọ̀-èdè mi bú ara wọn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìmọ́tà rí i, àwọn náà sì gbè sẹ́yìn ẹni tó wù wọ́n. Ṣẹ̀rífátù máa ń bá wọn lọ sí káfẹ́, ṣùgbọ́n kíkà ni ó ń kà. Kò kọ nǹkan kan.

Nígbà tí Jọláolúwa fi ojú-ewé náà hàn mí, Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìjà náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wo ni yóò sì bá ọmọ níbi tí wọ́n ti ń jà, tí yóò kọjá bí ẹni tí kò rí wọn? Mo ní kí ó bá mi fi orúkọ mi wọlé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ títí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo kọ́kọ́ kí gbogbo wọn bí ó ti yẹ. Mo yìn wọ́n, mo sì ki àwọn tí mo mọ ìdílé wọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá parí ìjà. Mo ní ọmọ ilé kan náà ni gbogbo wọn, kí wọ́n pín góòlù náà sí méjì, kí ẹni tó gbá a mú ìdajì, kí ẹni tó ṣọ́lé mú ìdajì, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo wá lọ sílé, mo sùn bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ rere.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó, ìkíni ló kún ibẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àbùkù. Wọ́n kí mi káàárọ̀. Wọ́n kí mi kú làálàá wọn. Wọ́n béèrè Ìbídùnní, wọ́n béèrè orúnkún mi. Mọ́ṣúdù ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé, àwọn alátakò rẹ̀ sì ti dárí jì í. Lẹ́yìn èyí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ojú-ewé náà dákẹ́ bíi kíláàsì mi gẹ́lẹ́, Láńre sì ní òun kò rí àwọn ọmọ mọ́ ní Sátidé.

Jọláolúwa wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀, ó ń yí ọ̀rọ̀ po, títí mo fi ní kí ó sọ ohun tí ó bá wá.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ìjà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹ bá wa parí ìjà, ẹ̀kọ́ náà sì parí.”

Mo bi í pé ṣé kí n máa wò wọ́n níran kí wọ́n máa bú ara wọn ni, àti pé ṣé ìkíni ti di ẹ̀ṣẹ̀.

“Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí orúkọ yín níbẹ̀, gbogbo wọn á dìde. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, ó sì dáa. Àmọ́ ẹni tó wà ní ìdúró kò lè kọ̀wé.”

Súbérù, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. O mọ̀ mí. Ìkíni ni iṣẹ́ ọwọ́ mi láyé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìbídùnní tí ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá tí ń kí ewúrẹ́ àdúgbò, wọ́n ti fún un nísinmi lónìí.” Àwọn obìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún wá rẹ̀ mí sí i. Ènìyàn á fi gbogbo ọjọ́ ayé kọ́ bí a ti ń wọlé tọ ẹlòmíràn, wọn á wá sọ fún un pé wíwọlé rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ilé rọgbọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo ṣe ohun kan tí kò yẹ àgbà. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́ níbẹ̀, n kò sì tún ní yọjú sí i mọ́. Mo wá fi kún un pé bí ẹnikẹ́ni bá bi èmi, bọ́ọ̀lù náà wọlé. Kí oòrùn tó wọ̀, Mọ́ṣúdù ti dé káfẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí èsì ìdánwò jáde, tí lẹ́tà rẹ sì dé. Mo kà á fún Ṣẹ̀rífátù, nítorí kò tọ́ kí á fi ìpinnu baba pamọ́ fún ọmọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ó wọlé lọ, mo sì gbọ́ tí ó ń ká aṣọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó bá àwọn yòókù lọ sí káfẹ́, mo sì rò pé ó lọ dágbére fún wọn ni. Nígbà tó ṣe, Jọláolúwa wá pè mí. Ó ní kí n wá ka nǹkan kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ó sì bẹ̀ mí tọwọ́tẹsẹ̀ pé kí n má kí ẹnikẹ́ni.

Iná ti lọ nígbà tí mo débẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ Láńre ń han gooro, ooru ibẹ̀ sì ń mú bíi ti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Mo fi awò sójú. Ṣẹ̀rífátù ni ó kọ ọ́, ìwọ sì ni ó kọ nípa rẹ̀.

Ó kọ bí o ti máa ń fi oríkèé ìka kan pákó ọkọ̀ láti ìdí dé imú, tí o ń tẹ́tí, tí o sì ń mọ ibi tí igi ti sán kí omi tó mọ̀ ọ́n. Ó ní nígbà tí òun kéré, òun máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí kò tíì parí, kí òun lè máa gbọ́ ìka rẹ bí ó ti ń yí òun ká lẹ́yìn pákó. Ó ní òun kò rí i rí kí o kọ ọkọ̀ kan sílẹ̀ nítorí ibi kan tàbí méjì tó sán, láì kọ́kọ́ tẹ́tí sí i yíká tán. Lẹ́yìn náà ni ó wá kọ ọ̀rọ̀ yìí, tí n ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ bí agbára mi ti mọ: “Bàbá mi ti gbọ́ ibi méjì tí mo ti sán. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìka kàn mí yíká tán, kí wọ́n tó sọ pé n kò ní léfòó.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ èsì lọ rẹrẹẹrẹ sábẹ́ rẹ̀. Mọ́ṣúdù béèrè bóyá ọkọ̀ tó bá ti sán ṣeé tún ṣe. Ó dá a lóhùn, ó ṣàlàyé òwú àti ọ̀dà tí ẹ fi ń dí i. Ọmọ Ìmọ́tà kan ní irọ́ ni, òwú kò lè dá omi dúró. Súbérù, ọmọ “Ẹ ṣé, sà” yìí bá ẹni tí kò rí rí jiyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, kò kúnlẹ̀, kò tẹjú mọ́lẹ̀, ó sì borí. Mo yọ awò mi. Ọwọ́ mi ń wá ibi tí n ó tẹ̀ láti yìn ín, Jọláolúwa sì rọra gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ. N kò kọ nǹkan kan. N kò sì tíì sọ fún ọmọ náà títí di òní pé mo kà á.

N kò ní tàn ọ́. Aṣìṣe wà nínú ohun tí ó kọ bí egungun ti ń wà nínú ẹja, ṣùgbọ́n ẹja ni. Ìdánwò tí àwọn tí kò sí nílé-ìwé ń ṣe ní ìparí ọdún ń bọ̀, Ìbídùnní sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. N kò lè ṣèlérí pé yóò yege. Agbára ìlérí ti tán lára mi. Jọláolúwa pàápàá yóò lọ bí ọdún ìsìnlú rẹ̀ bá parí, n kò sì mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú ojú-ewé náà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò ju kí o jẹ́ kí ó dé ìdánwò yẹn. Bí o bá sì ti ka iṣẹ́ rẹ̀, tí o ṣì ní kí ó máa bọ̀, èmi fúnra mi ni yóò mú un wá, tòun ti orúnkún tí mo ní yìí.

Ìbídùnní kí ìwọ àti Ìyá Ṣẹ̀rífátù o. Ó ní ẹja tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣáájú ààwẹ̀ kò ní ẹgbẹ́. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń kan ọkọ̀, bá mi kí gbogbo ará àdúgbò tí wọ́n bá béèrè mi. Kí wọn dáadáa, má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí o wá lọ sí káfẹ́ kan níbẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti kọ àdírẹ́sì ojú-ewé náà sí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí. Àwọn tó ni ẹ̀rọ yóò bá ọ ṣí i. Jókòó, kí o kà á tán. Má kọ orúkọ rẹ, má yìn ín, má sì kí i, nítorí bí ó bá mọ̀ pé o ti dé, yóò kúnlẹ̀. Òǹkà kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tí ó máa ń sún síwájú ní ẹyọ kan bí ẹnìkan bá ti ṣí i. Jọláolúwa sọ fún mi pé òun ni Ṣẹ̀rífátù kọ́kọ́ máa ń wò bí ó bá ti jókòó, kí ó tó ka èsì ẹnikẹ́ni. Kò sọ ẹni tí ó ń retí. Jẹ́ kí ó bá ẹyọ kan níbẹ̀ sí i. Ìkíni tìrẹ nìyẹn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ó rẹ̀, tí kò sì tíì jókòó,

Mojúbàolú Sàlàkọ́.